Báwo ni wọ́n ṣe mọ bí ìjì ọdún 1856 ṣe lágbára tó nígbà tó gúnlẹ̀?

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Mo ń ṣètò ẹ̀kọ́ kan lórí ìjì hàríkéènì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá tó ń kọlu Amẹ́ríkà ló ti ara ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń rékọjá lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, kí ó tó bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Níbi tí mo ti ń yẹ àkójọ àwọn ìjì tó ti kọlu ìpínlẹ̀ Louisiana wò ni mo ti rí ohun kan tó ń kọ mí lóminú. Ìjì mẹ́ta ni àkójọ náà fi sí ipò kan náà gẹ́gẹ́ bí èyí tí afẹ́fẹ́ wọn le jù lọ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ọ̀hún: Laura ti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Ida ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2021, àti ìjì kan tó kọlu erékùṣù Last Island ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1856. Máìlì 150 ní wákàtí kan ni wọ́n kọ síwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti Laura àti Ida kò rú mi lójú. Ọkọ̀ òfúrufú wọ inú wọn, sátẹ́láìtì sì ń wò wọ́n láti òkè tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1856, ilé ìtura tó wà ní erékùṣù náà wó pátápátá, nǹkan bí 200 ènìyàn ló kú, òkun sì gé erékùṣù náà sí wẹ́wẹ́. Ta ló wá dúró níbẹ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́? Bí kò bá sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, kí ló dé tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí wọn kò sì fi "nǹkan bí" síwájú rẹ̀? Ṣé kí n fi 150 yìí kọ́ àwọn ọmọ bó ṣe wà, àbí kí n yọ ọ́ kúrò?

Awojú-Ọjọ́:

Ẹ kú àròjinlẹ̀, Olùkọ́. Kò sí ẹni tó wọn afẹ́fẹ́ ìjì ọdún 1856 níbi tó ti le jù. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé a kò lè sọ pé ẹ̀rọ kan dúró gan-an níbi tí ti Laura tàbí ti Ida ti le jù, tó sì kà á tán. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní agbára ìjì nígbà tó gúnlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó yára jù lọ nínú gbogbo ara ìjì náà, tí a fi ìṣẹ́jú kan gbáko ṣe ìdíwọ̀n rẹ̀, ní gíga mítà 10 sókè ilẹ̀, ní àkókò tí àárín ojú ìjì (ibi tó dákẹ́ ní àárín gbùngbùn ìjì) bá ń rékọjá etíkun. Ibi tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń fẹ́ kì í fẹ̀ ju máìlì mélòó kan lọ. Kí ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ó má sì wó títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi kọjá, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ì báà jẹ́ láyé àtijọ́ tàbí lónìí. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ rí kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ kan kà jáde. Ìdájọ́ ni, tí àwọn ènìyàn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti kó oríṣiríṣi ẹ̀rí jọ.

Ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé jù fún ìjì àtijọ́ ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí bàrómítà wọ̀n. Bàrómítà ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ní ibùdó àwọn ọmọ ogun àti ní ilé àwọn ọ̀mọ̀wé kan tipẹ́tipẹ́, kí ẹ̀rọ tí ń wọn ìyára afẹ́fẹ́ tó di ohun tó wọ́pọ̀. Inú ilé ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí, nítorí náà kì í tètè bá ìjì lọ. Bí ìfúnpá bá ṣe lọ sílẹ̀ tó nínú ojú ìjì ni afẹ́fẹ́ tó yí ojú náà ká ṣe máa ń yára tó, nítorí ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín inú ìjì àti ìta rẹ̀ ló ń lé afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ ní ìlànà ìṣirò tí wọ́n fi ń ti ara ìfúnpá mọ ìyára afẹ́fẹ́, òun ni wọ́n sì lò fún púpọ̀ nínú àwọn ìjì àtijọ́ tó wà nínú HURDAT, ìyẹn àkójọ ìjì Àtìláńtíìkì ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1851. Mílíbà 934 (mílíbà ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá) ni wọ́n kọ fún ìjì Last Island.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni pé ìfúnpá kan náà kì í mú afẹ́fẹ́ kan náà wá. Ìjì Charley gúnlẹ̀ sí Florida ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2004 pẹ̀lú mílíbà 941, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 150 ní wákàtí kan. Ìjì tó kọlu Long Island àti agbègbè New England ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1938 ní mílíbà 941 náà, ṣùgbọ́n 120 ni wọ́n kọ fún un. Ẹ tún wo Katrina nígbà tó gúnlẹ̀ sí Buras ní Louisiana ní ọdún 2005: mílíbà 920, máìlì 125. Andrew, tó kọlu gúúsù Florida ní ọdún 1992, ní mílíbà 922, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 165. Ìjì tí ìfúnpá rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti èkejì lọ ló fi máìlì 40 yára jù ú. Ohun tó fà á ni pé Katrina fẹ̀ gan-an, Andrew sì kéré. Nínú ìjì tó kéré, ìfúnpá ní láti já wálẹ̀ láàárín ibi tóóró, afẹ́fẹ́ á sì le koko níbẹ̀. Nínú èyí tó fẹ̀, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ máìlì. Bí ìjì ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, bó ṣe ń yára rìn tó, àti ìfúnpá tó wà ní àyíká rẹ̀, gbogbo wọn ló ń kópa.

Ẹ padà wo ìjì mẹ́ta yín. Mílíbà 939 ni Laura ní, Ida ní 931, àwọn méjèèjì sì gba 150. Ti ọdún 1856 bọ́ sí àárín wọn pẹ̀lú 934. Nọ́ńbà náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n bí ojú ìjì náà bá fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò ó lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè má tó 140.

Ará Houston:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Awojú-Ọjọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́, nítorí Galveston kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé, ìjì ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900 sì ni mo ti ń kà nípa rẹ̀ látìgbà tí mo ti dé ìhín. Nǹkan bí 8,000 ènìyàn ni iye tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ó kú. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ wà nínú ìlú náà gan-an, ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ sì wà lórí òrùlé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn ka máìlì 100 ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ní kété lẹ́yìn aago mẹ́fà. Ìjì náà kò tíì dé góńgó nígbà yẹn. Bàrómítà ọ́fíìsì náà ṣì ń lọ sílẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, nígbà tó kan ínǹṣì 28.48, èyí tó jẹ́ nǹkan bí mílíbà 964.

Ẹni tó bá rí 964 yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ìlú ni ojú ìjì náà gbà kọjá, kò gba orí bàrómítà. 964 jẹ́ ìfúnpá ẹ̀gbẹ́ ojú ìjì, kì í ṣe ti inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní láti ṣírò bí ìfúnpá yóò ti lọ sílẹ̀ sí i tó láti orí òrùlé ọ́fíìsì yẹn dé àárín ojú ìjì, wọ́n sì gba 936. Ìyàtọ̀ mílíbà 28 yẹn wá láti inú ìṣirò, kò sí ẹ̀rọ kankan tó fojú kàn án.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí àwọn ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn. Ife mẹ́rin ni wọ́n ní, tí afẹ́fẹ́ ń yí po, wọ́n sì máa ń kà ju bó ti yẹ lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn onímọ̀ ṣe àtúnṣe sí kíkà wọn, tí ẹ̀rọ onífe mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò wọn. Ẹ̀rọ tó ń sọ àsọdùn, tó tún fọ́ kí ìjì tó dé góńgó: àṣìṣe kan ń fa nọ́ńbà sókè, èkejì ń fà á sílẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ rò pé wọ́n pa ara wọn rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ẹ má fi iye ènìyàn tó kú tàbí bí omi ṣe ga tó díwọ̀n afẹ́fẹ́ fún àwọn ọmọ. Katrina jẹ́ ìjì ìpele 3, nínú ìpele 1 sí 5 ti òṣùwọ̀n agbára ìjì tí wọ́n ń pè ní Saffir-Simpson, nígbà tó gúnlẹ̀, síbẹ̀ omi òkun ru sókè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 28 ní etíkun Mississippi. Charley jẹ́ ìpele 4, omi tirẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ìjì bá ṣe fẹ̀ tó àti bí òkun etílé bá ṣe jin tó ló ń sọ bí omi yóò ṣe ga. Nígbà kan, omi àti ìfúnpá wà nínú òṣùwọ̀n Saffir-Simpson pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Láti ọdún 2010, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù. Ẹni tó bá ń ka ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn ní láti rántí èyí.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ Galveston yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé a lè wá sọ pé láti ìgbà tí ọkọ̀ òfúrufú ti ń wọ inú ìjì, àìdánilójú ti tán? Mo kà á pé ọdún 1943 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú ọ̀kan.

Awojú-Ọjọ́:

Ó dínkù, kò tán. Ìjì Andrew ni ẹ̀kọ́ tó dára jù lórí èyí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1992, ó gúnlẹ̀ sí gúúsù Miami, ó sì kọjá nítòsí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ ìjì fún gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, National Hurricane Center, tó wà ní Coral Gables nígbà náà. Ó ká rédà orí òrùlé wọn kúrò. Ibi tí àwọn onímọ̀ ìjì pọ̀ sí jù láyé ni ìjì náà gbà, síbẹ̀ ọdún 10 gbáko ni wọ́n fi gbé e sí ìpele 4 kí wọ́n tó sọ pé ìpele 5 ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ òfúrufú kò lè fò ní mítà 10 sókè ilẹ̀. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 ni ó wà, afẹ́fẹ́ tó wọ̀n níbẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀tì 162, ìyẹn ìwọ̀n tí àwọn atukọ̀ ń lò. Ìbéèrè tó kù ni mélòó nínú 162 náà ló dé ilẹ̀. Ní ọdún 1992, wọ́n gbà pé ó tó ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì kọ 125, tó jẹ́ máìlì 145. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀rọ kékeré kan tó ní GPS láti inú ọkọ̀ òfúrufú, tó ń wọn afẹ́fẹ́ bó ṣe ń já bọ̀ láti òkè títí dé ojú òkun. Ẹ̀rọ yìí fi hàn léraléra pé nínú ògiri ojú ìjì, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ti le jù ní àyíká ojú náà, nǹkan bí ìdá 90 ló ń dé ilẹ̀. Ìdá 90 nínú 162 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 146. Ní ọdún 2002 ni ìgbìmọ̀ wọn tún un kọ sí nọ́ọ̀tì 145, ìyẹn máìlì 165. Ìjì náà kò yí padà, ìmọ̀ wa nípa bí afẹ́fẹ́ òkè ṣe ń dé ilẹ̀ ló yí padà.

Nínú ìjì yìí kan náà, ẹnì kan tó ń gbé ní agbègbè Perrine ní ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ nílé rẹ̀. Ó rí i tó ka máìlì 212 ní wákàtí kan nínú ìfẹ́ kan kí ó tó bàjẹ́. Wọn kò kàn gba nọ́ńbà yẹn, wọn kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: wọ́n kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sínú ihò tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dán nǹkan wò, wọ́n rí i pé ó máa ń sọ àsọdùn, wọ́n sì dín 212 náà kù sí 177. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí n fọkàn tán iṣẹ́ wọn.

Camille ti ọdún 1969 gba ọ̀nà kejì. Máìlì 190 ni gbogbo ìwé máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní ọdún 2014, wọ́n sọ ọ́ di 175, mílíbà 900. Michael ti ọdún 2018 náà, ìpele 4 ni wọ́n pè é lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìpele 5 ni wọ́n pè é ní oṣù kẹrin ọdún 2019.

Akọ̀wé Ìtàn:

Mo fẹ́ kí a má gbàgbé àwọn tó kó ẹ̀rí yìí jọ, torí iṣẹ́ wọn sún mọ́ iṣẹ́ ìtàn ju bí a ṣe rò lọ. Kí àwọn onímọ̀ tó tún HURDAT ṣe lábẹ́ ìdarí Chris Landsea, José Fernández Partagás, ọmọ Cuba tó jẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́, ti jókòó ti ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fa ìjì yọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ wo ló wà níbo, bàrómítà rẹ̀ kà mélòó, afẹ́fẹ́ ń ti ibo fẹ́, wákàtí wo ló yí padà. Ìyípadà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ló ń jẹ́ kí a mọ apá ibi tí ojú ìjì gbà. Bí ibi kan bá sọ pé afẹ́fẹ́ dákẹ́ pátá fún ìgbà díẹ̀, tó sì padà dé láti òdìkejì, a mọ̀ pé ojú ìjì gba orí wọn kọjá. Bí ó bá sì jẹ́ pé bàrómítà inú ìgbèríko nìkan ló wà, wọ́n á ṣírò padà sẹ́yìn, torí wọ́n mọ bí ìjì ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí òkun.

Cuba ní ọrọ̀ púpọ̀ nínú èyí. Ní Havana, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí pọ̀ sí nígbà ayé ẹrú, àlùfáà Jesuit kan, Benito Viñes, darí ilé ìwòye Belén láti ọdún 1870 títí di 1893, ó sì ń kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa ìjì tó ń bọ̀ láti ọdún 1875. Ṣáájú rẹ̀, nínú ìjì oṣù kẹwàá ọdún 1846, ìfúnpá ní Havana lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí mílíbà 938. Ẹ̀rí ńlá nìyẹn, àmọ́ kò sí nínú HURDAT nítorí pé ó ṣáájú 1851. Ìjì kan lè lágbára, kí a sì ní bàrómítà rẹ̀, kó má sì hàn nínú tábìlì tí Olùkọ́ wa ń wò.

Àpẹẹrẹ kan tó wù mí ni ti ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1935 ní àwọn erékùṣù Florida Keys. Bàrómítà kan tí kì í ṣe ti ìjọba ka ínǹṣì 26.35 níbẹ̀, ìyẹn mílíbà 892. Ó lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dán bàrómítà náà wò lẹ́yìn ìjì kí wọ́n tó gbà á. Títí di òní, kò sí ìjì tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìfúnpá tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Máìlì 185 tí wọ́n kọ fún afẹ́fẹ́ rẹ̀, ìṣirò ni láti ìdí dé orí.

Ọmọ Ìṣirò:

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ èrò tèmi ni pé ohun tí kò dájú tó báyìí kò yẹ kó wà nínú tábìlì kan náà pẹ̀lú ìjì òde òní. Kí Olùkọ́ yọ gbogbo ohun tó ṣáájú 1943 kúrò.

Awojú-Ọjọ́:

Ọmọ Ìṣirò, ó yé mi, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Bí a bá yọ wọ́n, Galveston lọ, ti 1935 náà lọ, ohun tí a mọ̀ dáadáa nípa wọn yóò sì bá ohun tí a kò mọ̀ lọ. Àwọn tó tún HURDAT ṣe kò fi àìdánilójú náà pa mọ́. Fún ìjì tó gúnlẹ̀ láàárín 1851 sí 1885, wọ́n sọ pé àṣìṣe lè tó nǹkan bí nọ́ọ̀tì 15 sókè tàbí sísàlẹ̀. Fún ìjì ńlá òde òní tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ó ṣì tó nǹkan bí 10. Gbogbo nọ́ńbà inú àkójọ náà ni wọ́n sì ń sọ di ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, pé mẹ́ta bá ara wọn dọ́gba lórí 150 kò sọ pé wọ́n dọ́gba nínú ayé.

Ibi tí mo fara mọ́ yín ni pé kí a má fi tábìlì bẹ́ẹ̀ sọ bóyá ìjì ń pọ̀ sí i láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọdún 1896 ni Miami ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú lábẹ́ òfin. Bí ìjì kékeré líle bí Andrew bá gba ibẹ̀ ní ọdún 1850 sí 1860, ta ni yóò mú bàrómítà dúró nínú ojú rẹ̀? Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìjì tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n má kọ ọ́ rárá.

Olùkọ́, ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni kí n fi ìlà kan kún tábìlì náà, tí yóò sọ ibi tí nọ́ńbà ti wá. Kí ti 1856 jẹ́ "láàárín 130 àti 170, nípa ìṣirò", kí ti Laura àti Ida sì jẹ́ "láàárín 140 àti 160, ọkọ̀ òfúrufú àti sátẹ́láìtì". Kí àwọn ọmọ wá sọ fún yín èyí tó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mi ò ní yọ ọ́ kúrò. Máa fi Charley àti ìjì ọdún 1938 ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, mílíbà 941 méjèèjì, kí wọ́n wá ìdí tí afẹ́fẹ́ wọn kò fi rí bákan náà.